Bí A Ò Bá Rí D12-0 Ńkọ́? Ẹ̀kọ́ Lórí Fífi Ẹ́ńjìnnì Kan Rọ́pò Òmíràn Nínú Rọ́kẹ́ẹ̀tì Onípele

Àwọn àgbà ní bí a ò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á nígbà tí ohun tí a ń wá bá wọ́n. Ẹ jẹ́ ká tún un gbọ́ dáadáa. Òwe náà kò sọ pé bí a ò bá rí àdán, ká mú aláǹgbá. Òòbẹ̀ ni wọ́n dárúkọ, nítorí pé òun àti àdán jọra ní ọ̀nà tó kan ẹbọ náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan kan rọ́pò òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí èyí tí kò sí ń ṣe.

Rọ́kẹ́ẹ̀tì àwòṣe ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n fi páálí àti igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, tó ń fò sókè, tí páráṣúùtì sì ń gbé padà wálẹ̀. Ẹ lè béèrè pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ń wá níbẹ̀. Àkọlé ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni. Lẹ́tà kan, nọ́ńbà méjì àti ìlà kékeré kan láàárín wọn: C6-0, B6-4, D12-5. Èdè kékeré ni. Ó ní ọ̀rọ̀, ó ní gírámà, ó sì ní ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè jókòó sí àti ibi tí kò lè jókòó sí. Ẹni tó bá ṣi èdè yìí kà yóò rán nǹkan oníná lọ sí ibi tí kò yẹ kó lọ.

Ibi tí èdè náà ti wá

Amẹ́ríkà ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, ní ìlú Norfolk ní ìpínlẹ̀ Nebraska, Orville Carlisle, oníṣòwò bàtà kan, àti Robert arákùnrin rẹ̀ ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí a lè máa pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti jó tán. Ní 1957, ọdún tí Sputnik gòkè, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríṣiríṣi ẹ̀tù bọ inú páìpù irin nílé. Ìka ọwọ́ àwọn kan gé, àwọn mìíràn kú. G. Harry Stine, tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá ìdánwò White Sands ní New Mexico, rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ Carlisle lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ tí a mọ̀ lónìí sí National Association of Rocketry bẹ̀rẹ̀. Ní 1958, Vernon Estes ṣe ẹ̀rọ kan tó sọ ní Mabel, tó ń tẹ ẹ̀tù sínú ẹ́ńjìnnì lọ́nà kan náà nígbà gbogbo.

Òfin tó ti ibẹ̀ jáde ṣe kedere: ilé iṣẹ́ ni kó ṣe ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ń fò ó kò gbọdọ̀ po ẹ̀tù fúnra rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tàbí tún un ṣe. Torí náà, bí ẹ́ńjìnnì tí ìwé ìlànà dárúkọ kò bá sí lọ́jà, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni ká wá òmíràn tí ilé iṣẹ́ ṣe. Àkọlé ara rẹ̀ ni yóò sì sọ fún wa bóyá ó tọ́.

Bí a ṣe ń ka àkọlé náà

Ẹ jẹ́ ká mú C6-5. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ agbára àpapọ̀, ìyẹn gbogbo ìtari tí ẹ́ńjìnnì náà ní nínú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Niútìnì lọ́nà ìṣẹ́jú-àáyá, Ns, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. A kò kọjá 2.50 Ns. B bẹ̀rẹ̀ láti 2.51 dé 5.00, C láti 5.01 dé 10.00, D láti 10.01 dé 20.00, E láti 20.01 dé 40.00. Bí a bá sún síwájú ní lẹ́tà kan, òpin rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́, 6, ni ìpíndọ́gba ìtari ní niútìnì. Ó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń na agbára rẹ̀: ṣé kíákíá ni, àbí díẹ̀díẹ̀? B6 àti C6 jọ ń tari bákan náà, ṣùgbọ́n B6 kì í jó tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí C6 ń jó fún nǹkan bí 1.9. C6 àti C11 jọ wà nínú lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n C11 ń ná tirẹ̀ ní ìwàǹwára.

Nọ́ńbà tó kẹ́yìn, 5, ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ́ńjìnnì yóò fi dúró lẹ́yìn tí ìtari bá ti tán, kí ẹ̀tù kékeré tó wà lórí rẹ̀ tó bú, kó sì ti páráṣúùtì jáde. Ní àkókò ìdúró yìí, rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì ń fi eré tó ti ní gòkè lọ. Bí T bá wà ní ìparí, bíi A10-3T, ó túmọ̀ sí ẹ́ńjìnnì tín-ín-rín tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 13 mm. Èyí tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ 18 mm ní ìbú àti 70 mm ní gígùn. D12 jẹ́ 24 mm ní ìbú.

Ìpele kan lórí òmíràn

Nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì onípele, ẹ́ńjìnnì méjì tàbí mẹ́ta ló wà lórí ara wọn. Ti ìsàlẹ̀ ń jó láti ìdí lọ sí orí. Bí iná bá jó dé orí, yóò fọ́ awọ ẹ̀tù tó ṣẹ́kù, ẹ̀ṣẹ́ iná àti ẹ̀ta rẹ̀ yóò sì gba ihò ìdí ẹ́ńjìnnì òkè wọlé, yóò tan án. Ìpele ìsàlẹ̀ yóò já bọ́, ti òkè yóò máa lọ. Kò sí wáyà, kò sí bátìrì láàárín wọn.

Níbí ni gírámà ti wọlé. Nínú èdè wa, a ń jẹ ẹ̀bà, ṣùgbọ́n a ń mu gàárì. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni méjèèjì, ẹnu kan náà ló sì ń lọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní òun "mu ẹ̀bà" ti sọ ohun tí kò sọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń pinnu ọ̀rọ̀-ìṣe tó lè wà níbẹ̀. Bákan náà ni ẹ́ńjìnnì. C6-0 àti C6-5 jọra délẹ̀délẹ̀: ẹ̀tù kan náà, ìtari kan náà, ìbú kan náà. Ṣùgbọ́n ààyè wọn yàtọ̀. C6-0 kò ní ìdúró, kò sì ní ẹ̀tù tó ń ti páráṣúùtì. Ìsàlẹ̀ ni ààyè rẹ̀.

Bí a bá fi C6-5 sísàlẹ̀, ìtari yóò tán, rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò lo ìṣẹ́jú-àáyá 5 tí nǹkan kan kò tari rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀tù orí rẹ̀ yóò bú. Ó ṣeé ṣe kó kàn já ìpele méjèèjì kúrò lára wọn láìtan ti òkè. Ti òkè yóò wá fi imú sọlẹ̀ láìsí páráṣúùtì. Ó sì tún lè tan án nígbà tí imú rẹ̀ ti kọjú sílẹ̀, èyí tó burú jù. Bí a bá sì fi C6-0 sókè, iná yóò fọ́ síbi páráṣúùtì ní àkókò tí eré rọ́kẹ́ẹ̀tì le jù.

Ilé iṣẹ́ Estes ń fi àwọ̀ ran òǹkàwé lọ́wọ́: ìkọ̀wé pupa fún ti ìsàlẹ̀, àwọ̀ ewé fún rọ́kẹ́ẹ̀tì onípele kan, àwọ̀ àlùkò fún ti òkè.

0 kì í ṣe P

Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní wa mọ̀ pé àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya ẹni tó fẹ́ni sọ́tọ̀ kúrò lára irin tí a fi ń roko àti ohun tí a ń wọ̀ lọ sọ́jà. Nínú èdè ẹ́ńjìnnì, 0 àti P ló jẹ́ irú rẹ̀. Méjèèjì kò ní ìdúró, méjèèjì kò ní ẹ̀tù páráṣúùtì. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n ní. Ṣùgbọ́n P túmọ̀ sí pé wọ́n ti dí orí ẹ́ńjìnnì náà pa. Iná kò lè gba ibẹ̀ jáde rárá. Ohun tí a ń fẹ́ lára ti ìsàlẹ̀ gan-an ni pé kí iná gba orí rẹ̀ jáde. Torí náà, A10-PT kò lè ṣiṣẹ́ A10-0T láéláé, bí wọ́n tilẹ̀ rí bákan náà lójú.

Ìsàlẹ̀ ló ru gbogbo rẹ̀

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ní a ní rọ́kẹ́ẹ̀tì onípele mẹ́ta. Comanche-3 ti Estes jẹ́ àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀: D12-0 nísàlẹ̀, C6-0 láàárín, C6-7 lókè. A lọ sọ́jà, a kò rí D12-0. C6-0 pọ̀ níbẹ̀, ẹnì kan sì ní a lè fi òrùka páálí dí ààyè tó kù, kí ẹ́ńjìnnì 18 mm lè jókòó nínú ihò 24 mm. Ṣé ká gbà?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní rọ́kẹ́ẹ̀tì wa pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ giráàmù 170. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.67 N. Ìlànà tí àwọn onírọ́kẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ lé ni pé kí ìtari tó ìlọ́po 5 ìwúwo nígbà ìgbéra. Ìlọ́po 5 ti 1.67 jẹ́ 8.3 N. D12 kọjá ibẹ̀ dáadáa. C6 kò dé ibẹ̀. Lóòótọ́, C6 máa ń sọ́ dé nǹkan bí 14 N ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi ń já wálẹ̀ sí nǹkan bí 5 N. Estes fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì tí C6-0 yóò gbé kò gbọdọ̀ ju giráàmù 113 lọ. Ti D12-0 jẹ́ 396.

Kí ló burú nínú kí rọ́kẹ́ẹ̀tì kàn rọra gbéra? Lẹbẹ tó wà ní ìdí rẹ̀ ló ń mú un dúró ṣánṣán, afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá lára lẹbẹ ló sì ń fún wọn lágbára. Bí kò bá tíì ní eré tó nígbà tó bá kúrò lórí ọ̀pá irin tó ń tọ́ ọ, lẹbẹ kò ní agbára, atẹ́gùn yóò sì yí imú rẹ̀. Bó bá jẹ́ onípele kan, yóò fò ní ìdagun, yóò sì bọ́ sínú igbó. Ti onípele yàtọ̀. Ẹ́ńjìnnì kejì àti ìkẹta kò mọ ibi tí imú kọjú sí. Wọn yóò tanná ní àkókò wọn, wọn yóò sì ti rọ́kẹ́ẹ̀tì náà síhà ibi tó kọjú sí, ì báà jẹ́ òrùlé ilé tàbí àárín èrò. Òfin ààbò ẹgbẹ́ náà ní kí a má ṣe yìn ín ní ìdagun tó ju digíríì 30 lọ kúrò lóòró. Ẹ́ńjìnnì ìsàlẹ̀ tí kò lágbára lè rú òfin yẹn fún wa lẹ́yìn tí a ti yìn ín tán.

Ìdáhùn sí ìbéèrè wa ni pé rárá, C6-0 kì í ṣe òòbẹ̀ fún D12-0. Ohun tí a lè ṣe ni pé ká yọ ìpele ìsàlẹ̀ kúrò pátápátá, bí ìwé ìlànà bá fàyè gbà á, ká sì fò ó ní onípele méjì. Ká ní èyí tó kù jẹ́ giráàmù 90. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 0.88 N, ìlọ́po 5 rẹ̀ jẹ́ 4.4 N. C6-0 tó wà láàárín tẹ́lẹ̀ lè gbé ìyẹn.

Òkè la ti ń dín in kù

Ẹni tó bá fẹ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì òun má lọ jìnnà jù máa ń rò pé kí òun dín ti ìsàlẹ̀ kù. Òdìkejì rẹ̀ ló tọ́. Ti ìsàlẹ̀ ló ń gbé gbogbo ẹrù láti orí ìdúró, ti òkè sì bá a tó ti ń sáré. Dípò C6-7 lókè, a lè fi B6-6 tàbí A8-5. Rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò lọ sókè díẹ̀, yóò sì rọrùn láti rí. Ìdí nìyí tí a fi máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kó fi ẹ́ńjìnnì kékeré sókè nígbà tó bá kọ́kọ́ fẹ́ fò ó.

Ẹ kíyè sí ìdúró wọn: 7, 6, 5. Ti òkè máa ń gùn ju ti rọ́kẹ́ẹ̀tì onípele kan lọ, nítorí pé ó fúyẹ́, ó sì ti ní eré lẹ́sẹ̀ kí ó tó tanná. Bí a bá fi B6-2 síbẹ̀, páráṣúùtì yóò jáde nígbà tó ṣì ń sáré, yóò sì ya. OpenRocket, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, lè ṣírò ìdúró tó yẹ fún wa kí a tó ná owó.

Èdè àtijọ́ nínú ìwé ìlànà

Àwọn kan fẹ́ràn láti kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì láti inú ìwé ìlànà àwọn ọdún 1960. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti pàdé àkọlé bíi B3-0. Ẹni tó bá fi gírámà òde òní kà á yóò ní niútìnì 3 ni, yóò sì rò pé B6-0 ti ju èyí tí òun nílò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà náà, pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń wọn ìtari. Pọ́n-ùn 3 jẹ́ nǹkan bí 13 N. Nígbà tí wọ́n yí sí niútìnì, B3-0 di B14-0. Ọ̀rọ̀ kò yí padà tó bí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe yí, bíi ti ọ̀rọ̀ tí a bá nínú ìwé àwọn bàbá wa tí a sì rò pé a mọ̀.

Wọn kò ṣe B14-0 mọ́. B6-0 ní lẹ́tà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtari rẹ̀ kò tó ìdajì. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà bá fúyẹ́ tó, tí ìṣírò ìlọ́po 5 sì gbà, B6-0 tàbí C6-0 lè ṣe é. Bí kò bá gbà, kí a kọ́ ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀ tuntun láti gba ẹ́ńjìnnì 24 mm, kí a sì fi D12-0 sí i.

Ohun tó wọ ihò, tí kì í ṣe tibẹ̀

Quest ń ta ẹ́ńjìnnì kan tó ń jẹ́ Q-Jet. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ 18 mm, wọ́n sì wọ ihò C6 wẹ́kú. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú wọn kì í ṣe ẹ̀tù dúdú. Iná tó ti ẹ́ńjìnnì ìsàlẹ̀ wá kò ṣeé fọkàn tán láti tan wọ́n, wọn kò sì lè ran iná sí èyí tó wà lókè wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì onípele nílò ẹ̀rọ ayélujára—rárá, kì í ṣe ayélujára, ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ kékeré tó máa fi bátìrì tan án lójú òfurufú ni. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

E12-0 tún wà. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 24 mm bíi ti D12-0, ó sì lágbára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ jẹ́ 95 mm, ó sì wúwo jù. Ìwúwo tó pọ̀ ní ìdí ń fa ojúkò ìwúwo rọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn. Ojúkò yẹn gbọ́dọ̀ wà níwájú ojúkò tí afẹ́fẹ́ ń ti, ó kéré tán ní ìwọ̀n ìbú ara rọ́kẹ́ẹ̀tì kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa yí po lójú ọ̀run. Agbára nìkan kò tó.

Pápá náà ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀

Òfin ààbò kò wo ẹ́ńjìnnì ìsàlẹ̀ nìkan láti mọ bí pápá ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Àpapọ̀ gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ń kà. Bí àpapọ̀ bá wà nínú C, kí ìbú pápá má dín ní nǹkan bí mítà 122. Fún D, 152. Fún E, 305. D12-0, C6-0 àti C6-7 lè dé 40 Ns, ìyẹn E. Bí a bá dín in kù sí D12-0, B6-0 àti A8-5, ó ṣì lè jẹ́ 27.5, inú E náà la wà. Onípele méjì tó ní C6-0 àti C6-7 wà nínú D.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ìwé ìlànà ní B6-0 nísàlẹ̀, B6-6 lókè. Lọ́jà, C6-0, B6-4, A8-5 àti A10-PT nìkan ló wà. Èwo lẹ máa mú?

A10-PT kò bá a mu: ó tín-ín-rín jù, wọ́n sì ti dí orí rẹ̀. B6-4 ní ìdúró tó kúrú fún òkè, kò sì lè lọ sísàlẹ̀. Ó ku C6-0 fún ìsàlẹ̀ àti A8-5 fún òkè. Ìtari C6-0 bá ti B6-0 dọ́gba, ó kàn ń pẹ́ jù ú lọ, ó sì wúwo díẹ̀ sí i. Kí a wọn rọ́kẹ́ẹ̀tì, kí a wo ojúkò ìwúwo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àpapọ̀: B àti B kò kọjá 10 Ns, pápá mítà 122 tó wọn. C àti A lè dé 12.5, ó ti bọ́ sínú D. Ẹ́ńjìnnì tí a fi rọ́pò tọ́, ṣùgbọ́n bí pápá wa kò bá tó mítà 152, ẹ jẹ́ ká dúró de B6-0.